Ta Ló Ń Ṣe Àkóso Íntánẹ́ẹ̀tì?

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú, a ti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú iṣu sínú abà, àti bí a ṣe ń se omi kí ọmọdé tó mu ún. Ẹ̀kọ́ tòní yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti àdá. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù tó wà nínú àpò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ oko wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró. Lọ́jọ́ kejì, ẹ máa bá a lọ.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní àkókò tí a ń ta kájú, bàbá kan nínú kíláàsì wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ́ kó tó dé. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti ta kájú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹni tó rà á kò ka owó lé e lọ́wọ́. Inú tẹlifóònù ló fi owó náà ránṣẹ́ sí. Iye rẹ̀ jẹ́ 140,000 fráǹkì. Owó yìí ni bàbá fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ méjì. Òun náà ló fẹ́ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wọlé, kò jókòó. Ó gbé tẹlifóònù rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó ní: "Olùkọ́, bá mi wo èyí. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo kà."

Mo wò ó. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó sọ pé bàbá ti jẹ ẹ̀bùn 500,000 fráǹkì. Ó ní kí bàbá tètè fi nọ́ńbà àṣírí owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí wákàtí kan tó kọjá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn náà máa bọ́.

Mo bi í pé: "Bàbá, ṣé ẹ ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́?"

Ó ní: "Ọmọ àbúrò mi ní kí n fi ránṣẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé kíláàsì ná."

Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Olè ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹ̀bùn kankan. Ká ní bàbá ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ ni, owó kájú ọdún kan ì bá ti bómi lọ.

Nígbà náà ni obìnrin kan tó ń ta gàrí béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní: "Olùkọ́, ọ̀nà wo ni olè yìí gbà wọ inú tẹlifóònù wa? Ta ló ni ọ̀nà náà? Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Ìbéèrè obìnrin náà ni ẹ̀kọ́ wa tòní.

2. Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ mọ ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Kútọ̀nù wá, tó gba ìlú wa kọjá lọ sí Parakou. Ẹ mọ ojú irin tí wọ́n là gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà ni iṣu, òwú àti ènìyàn ń gbà. Íntánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ọ̀nà. Ọ̀rọ̀, ohùn, àwòrán àti owó inú tẹlifóònù ń gba ojú ọ̀nà náà lọ, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ bọ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn? Ẹ wò ó báyìí:

Tẹlifóònù yín ń ju ọ̀rọ̀ náà sínú afẹ́fẹ́. Òpó irin gíga tó wà nítòsí ń gbà á. Láti ibi òpó náà, ọ̀rọ̀ ń lọ títí dé Kútọ̀nù. Bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá wà ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú okùn gígùn kan tó wà nísàlẹ̀ òkun. Inú okùn yìí ni àwọn fọ́nrán dígí wà, tí wọ́n tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wọn kọjá.

Ọdún 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè wa, Benin. Ọdún yẹn náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé ṣe ìpàdé ńlá ní Kútọ̀nù. Ní ọdún 2002, okùn inú òkun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù. Lẹ́yìn náà, òmíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ACE tún gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2024? Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, okùn mélòó kan bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀ òkun, nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Benin wà lára wọn. Ohun tó já lọ́nà jíjìn sí wa, tẹlifóònù wa nílé ló mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹn fi hàn wá pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe idán. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ó lè já, wọ́n lè tún un ṣe. Ẹnì kan lè ṣí i, ẹnì kan sì lè tì í.

3. Ta ló ni ín?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè nǹkan mìíràn. Ta ló ni ọjà Ṣábẹ̀ẹ́?

Àgbẹ̀ ló ni iṣu tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ìsọ̀ ló ni ìsọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ méèrì ló ń gba owó ìjókòó. Àwọn àgbà ọjà ló ń parí ìjà. Ẹni tó wá ra nǹkan náà ní ipò tirẹ̀, nítorí bí kò bá wá, ọjà ti tú. Kò sí ẹnì kan tó lè sọ pé òun nìkan ni òun ni ọjà. Ṣùgbọ́n ọjà ní àkóso.

Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ̀yà mẹ́rin ni àwọn tó ń ṣe àkóso rẹ̀:

A. Ìjọba. Ìjọba ló ń ṣe òfin. Ní Benin, òfin tó dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin nọ́ńbà 2017-20, ti ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2018. Àjọ kan wà tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, orúkọ rẹ̀ ni ARCEP. Àjọ mìíràn wà tó ń dáàbò bo orúkọ wa, nọ́ńbà wa àti ọ̀rọ̀ àṣírí wa, orúkọ rẹ̀ ni APDP.

B. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Àwọn ni MTN, Moov àti Celtiis. Àwọn ló ń gbé òpó dúró. Àwọn náà ló ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa.

D. Àwọn àjọ àgbáyé. Ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ àti nọ́ńbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà nínú ìlú ńlá. Àjọ kan tó ń jẹ́ ICANN ló ń bójú tó ètò orúkọ náà. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Áfíríkà, àjọ AFRINIC, tó wà ní erékùṣù Mauritius, ló ń pín nọ́ńbà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lẹ́yìn orúkọ. Ti Benin ni ".bj". Ti Tógò ni ".tg". Ti Nàìjíríà ni ".ng". Ojú ìwé ìjọba wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń parí pẹ̀lú "gouv.bj". Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò.

E. Àwa tí a ń lò ó. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀yin wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003, ní ìlú Geneva, àti ní ọdún 2005, ní ìlú Tunis, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé àkóso íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti ìjọba nìkan, kì í sì í ṣe ti ilé iṣẹ́ nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú ní ipò tiwọn níbẹ̀. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé lọ́dọọdún lórí rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Èmi àgbẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín.

4. Fráǹkì 5 lórí mégà kan

Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Benin ṣe àṣẹ kan. Àṣẹ náà sọ pé ẹni tó bá lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn yóò san owó orí. Fráǹkì 5 ni lórí mégà kọ̀ọ̀kan. Mégà ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn íntánẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń fi kóńgò wọn àgbàdo. Wọ́n tún fi ìdá 5 nínú 100 lé owó ìpè àti owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018 ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ mú gègé yín. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò.

Bí ẹnì kan bá fi fídíò tó jẹ́ mégà 20 ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó san:
20 × 5 = 100 fráǹkì.

Gígà kan jẹ́ bíi 1,000 mégà. Bí ẹ bá lo gígà kan tán lórí WhatsApp, ẹ ó san:
1,000 × 5 = 5,000 fráǹkì.

Orí owó tí ẹ ti fi ra íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n máa fi 5,000 yìí lé.

Ta ni owó yìí máa pa lára jù? Ẹ rò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kíkọ fúyẹ́. Ohùn wúwo ju ọ̀rọ̀ kíkọ lọ. Fídíò sì wúwo ju ohùn lọ. Ẹni tó mọ̀wé lè kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ránṣẹ́, kò ní ná an ní nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀wé, ohùn rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́. Fídíò ló ń wò kó lè lóye. Nítorí náà, owó tí wọ́n bá fi lé mégà, ẹni tí kò mọ̀wé ló máa san èyí tó pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú àṣẹ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó máa já sí nìyẹn.

Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Wọn kò dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹgbẹ́ kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé. Wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé pé: "Taxe pas mes mo." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: "Ẹ má ṣe gba owó orí lórí mégà mi." Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀, ìjọba fagi lé owó orí náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìjọba ṣe àṣẹ. Àwọn ènìyàn kọ̀wé. Ìjọba gbọ́, ó sì fagi lé e. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Àwọn tó kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn mọ èdè Faransé, wọ́n sì mọ̀wé. Nínú kíláàsì wa, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀ títí ó fi parí. Àwọn ẹlòmíràn ló bá wa jà. Nígbà mìíràn ńkọ́?

5. Ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀nà náà pa

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2019 ni ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin ní Benin. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ kejì ló tó padà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sọ pé èyí kò dára, nítorí ìròyìn kò ríbi gbà.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ìṣèlú. Ìwé wa kì í ṣe ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú. A mú un wá kí ẹ lè rí i pé ọ̀nà tí a ń gbà, ó ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè tì í. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó lè tì í, ìgbà tó lè tì í, àti ìdí tó fi lè tì í. Ohun tí à ń pè ní àkóso nìyẹn.

6. Ẹ̀tọ́ wa àti ojúṣe wa

Ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè wa jẹ́ ti ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1990. Abala 8 rẹ̀ sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní àǹfààní kan náà sí ìlera, sí ẹ̀kọ́, sí àṣà, sí ìròyìn, sí kíkọ́ iṣẹ́ àti sí iṣẹ́. Ẹ rí i pé ìròyìn wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlera àti ẹ̀kọ́. Abala 11 sọ pé gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́.

Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá jẹ́ ti èdè Faransé nìkan ńkọ́? Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn UNESCO ti ọdún 2018, nínú 100 àgbàlagbà ní Benin, bíi 42 ló mọ̀wé kà tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ. Nínú 100 ọkùnrin, bíi 54 ni. Nínú 100 obìnrin, bíi 31 ni. Èyí fi hàn pé ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má sì lè wọlé.

Èmi fúnra mi, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe ń kọ́ ọ. Nítorí náà, mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìwé bá wà níwájú ènìyàn, tí kò sì bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí a lè kọ́ ni.

Ojúṣe náà wà. Abala 550 nínú òfin ọdún 2018 sọ nípa ẹni tó bá dá irọ́ sílẹ̀ nípa ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó bá gbé irọ́ náà kiri. Wọ́n lè fi í sẹ́wọ̀n láti oṣù 1 títí dé oṣù 6. Wọ́n lè ní kó san 500,000 títí dé 1,000,000 fráǹkì. Àwọn akọ̀ròyìn kan ti ké pé òfin yìí le jù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "gbé kiri". Ẹ lè má dá irọ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá gba ohùn kan, tí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ ti gbé e kiri. "Mi ò mọ̀" kò ní gbà yín.

7. Irọ́ lè pa ènìyàn

Ní oṣù keje ọdún 2014, àìsàn Ebola wọ ìlú Èkó ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí tẹlifóònù káàkiri. Ó ní kí gbogbo ènìyàn mu omi iyọ̀, kí wọ́n sì fi wẹ̀, pé Ebola kò ní mú wọn. Ọ̀pọ̀ ló mu ún ní òru ọjọ́ kan náà. Irọ́ ni. Omi iyọ̀ kì í dènà Ebola. Iyọ̀ púpọ̀ tún léwu fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìròyìn dé pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ náà.

Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Àbúrò ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò wádìí ọ̀rọ̀ wò lè ṣekú pani.

Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ta ló sọ ọ́? Ṣé ó ní orúkọ? Ṣé mo mọ ibi tó ti wá?
2. Ta ni mo lè bi? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iye owó kájú, ẹ bi ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín, tàbí kí ẹ tẹ́tí sí rédíò. Ìjọba máa ń kéde iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ra kájú lọ́wọ́ àgbẹ̀.
3. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ló máa jìyà rẹ̀?

Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fi ránṣẹ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni.

8. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lójú tẹlifóònù

Ní kíláàsì wa, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá, a kọ àwọn ọ̀rọ̀ Faransé wọ̀nyí sára pátákó. Àwọn ló máa ń yọ lójú tẹlifóònù nígbà tí a bá ń lo owó. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín:

Solde: iye owó tó kù fún yín.
Envoyer: fi ránṣẹ́.
Retrait: gbígba owó jáde.
Dépôt: fífi owó sí i.
Confirmer: mo gbà bẹ́ẹ̀.
Annuler: mo fagi lé e.
Code secret: nọ́ńbà àṣírí.
Gagné: ẹ ti jẹ ẹ̀bùn.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì tó gbẹ̀yìn. Bí "gagné" àti "code secret" bá wà nínú ìwé kan náà, olè ló kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí yín. Ìjọba kì í béèrè rẹ̀. Nọ́ńbà náà dà bí kọ́kọ́rọ́ abà. Ẹ kì í gbé kọ́kọ́rọ́ abà fún àlejò tí ẹ kò mọ ojú rẹ̀.

9. Kí la lè ṣe ní abúlé wa?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí ẹnì kan kò lè ṣe, ẹgbẹ́ lè ṣe é.

Ẹ lè jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó mọ Faransé ka ohun tó wà lórí tẹlifóònù fún àwọn yòókù ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin náà di tẹlifóònù mú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Ohun tí a bá ń bá ènìyàn tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò ní mọ̀ ọ́n tẹ̀ láé.

Ẹ lè kọ ìwé sí méèrì. Bí òpó kò bá sí ní abúlé yín, ẹ sọ ọ́. Bí ìkéde ìjọba bá jẹ́ ti Faransé nìkan, ẹ béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá lórí rédíò. Àpẹẹrẹ lẹ́tà rèé:

"Ọ̀gá wa, olórí méèrì Ṣábẹ̀ẹ́,
A kí yín o. Àwa jẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé . . . . . . A jẹ́ ènìyàn . . . . . . Tẹlifóònù kì í gbà dáadáa ní abúlé wa. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, a ní láti rin kìlómítà . . . . . . kí a tó lè pe ilé ìwòsàn. A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù àti ARCEP. A tún bẹ̀ yín kí ẹ máa jẹ́ kí a gbọ́ ìkéde ní Yorùbá. Ẹ ṣeun.
Orúkọ wa àti ọwọ́ wa nìyí . . . . . ."

Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i.

10. Kí a tó parí

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ bàbá ṣe parí. Ó nu ọ̀rọ̀ olè náà kúrò lórí tẹlifóònù rẹ̀. Ó san owó ilé ìwé. Ó ra oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ọmọ náà ti ka ìwé Faransé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun ló lóye ọ̀rọ̀ olè náà, òun ló sì sọ pé kí bàbá fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Bàbá kò lóye ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí òun kò bá lóye, òun kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, mímọ̀wé jẹ́ nǹkan méjì: kí ojú mọ lẹ́tà, kí inú sì mọ ìbéèrè. Ẹ ti ní ìkejì láti inú oko yín tipẹ́tipẹ́. Ẹ kì í gbin irúgbìn tí ẹ kò wò. Ẹ ń kọ́ èkínní báyìí. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ìbéèrè

1. Ẹ̀yà mélòó ló ń ṣe àkóso íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ní Benin? Báwo ló ṣe parí?
3. Kí nìdí tí owó orí lórí mégà fi máa pa ẹni tí kò mọ̀wé lára jù?
4. Ìṣirò: Bí owó orí bá jẹ́ fráǹkì 5 lórí mégà kan, èló ni ẹ ó san lórí fídíò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mégà 12?
5. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí yín pé aládùúgbò yín jí ewúrẹ́. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ jíròrò rẹ̀.
6. Ẹ kọ lẹ́tà kan sí méèrì lórí ohun kan tí abúlé yín nílò. Ẹ kà á sókè ní kíláàsì.